Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Mí

Ẹ béèrè mi ní ọjà Alabar ní Kumasi. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ Moríyọ̀, ẹ ṣáà ní ẹ ń wá ìyá onírọ̀rí ọmọ. Àwọn Hausa tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá yóò nawọ́ sí ìsọ̀ mi fún yín. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, ìyá tirẹ̀ ló sì gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òwú àràbà gidi ni mò ń kì sínú ìrọ̀rí mi, kì í ṣe àkísà àti fóòmù jíjá bíi ti àwọn kan tí n kò ní dárúkọ wọn. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ń kọ orúkọ ọmọ sí i létí pẹ̀lú òwú aláwọ̀ wúrà. Bí mo bá sì ti ń polówó, ohun tí mò ń wí ni pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́! Ẹ wá rarọ̀rí o!" Kò sí aboyún tó máa gbọ́ ọ tí kò ní yà.

Àwa Yorùbá tó wà ní ìhà Asawase ní àṣà kan tí a kì í fi ṣeré. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń gbé ọmọ jáde sí àgbàlá lórí ìrọ̀rí. Aṣọ funfun á bo ibi tí orúkọ wà. Bí àlùfáà bá ti pe orúkọ, ìyá àgbà á ká aṣọ náà kúrò, àwọn obìnrin á kà á sókè, ìdùnnú á wá ṣubú lu ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ọmọ wọlé, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí rẹ̀ kó máa sùn. Ìrọ̀rí tí mo ti kọ fún àwọn ìyá àgbà ẹlòmíràn kò lóǹkà. Èmi náà ń retí ọjọ́ tèmi.

Allah wá ṣe é. Fareedah, ọmọ mi kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ọsibítù kan ní Bantama, bí obìnrin. Ẹ ò bá rí mi lọ́jọ́ náà! Mo jó wọ ọkọ̀ trotro, mo jó sọ̀ kalẹ̀. Lukman, ọkọ Fareedah, ọmọ dáadáa tí ń bọ̀wọ̀ fún àna, yọ́ orúkọ náà sọ sí mi létí: Tàsnímù. N kò rán ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo pa ìsọ̀ dé nítorí ẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo gbé e sójú oòrùn, orúkọ náà ń dán, mo wá ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e lọ sí yàrá Fareedah. Inú ilé àwọn ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ilé alágbàlá ni, yàrá tiwọn ló sì fara kan ìsọ̀ Kwabena tó ń lọ àgbàdo. Níkàníkà ni àwọn ará ibí ń pe ẹ̀rọ náà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bí Kwabena bá ti tan níkàníkà rẹ̀ láàárọ̀, ògiri á máa gbọ̀n rìrì, omi inú ife tó wà lórí tábìlì á máa jó. Ara ti mọ́ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́.

Fareedah gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ orúkọ náà láti òpin kan dé èkejì. Omijé lé sí i lójú. Mo ní, hẹn-ẹn, iṣẹ́ mi ti jẹ́.

"Màmá, ó rẹwà," ó ní. "Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n kò ní sùn lé e."

"Kí lo wí?"

"Ọmọ kékeré kì í sùn lé ìrọ̀rí, Màmá. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ó máa fi lélẹ̀, lórí fóòmù tó le, tó tẹ́jú. Kò sí ìrọ̀rí níbẹ̀, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì múlọ́múlọ́, kò sí ọmọláńgidi. Òun nìkan, lórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Bẹ́ẹ̀dì òfìfo! Ọmọ ọmọ Moríyọ̀ tó ń ta ìrọ̀rí fún gbogbo Kumasi ni yóò sùn bí ọmọ tí kò lálábàárò! Àwọn èrò tó ń bọ̀ láti Tamale àti Ògbómọ̀ṣọ́ á wọlé wá kí ọmọ, wọ́n á rí pákó àti fóòmù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ mi wúyẹ́wúyẹ́.

"Fareedah, ṣé orí ìrọ̀rí kọ́ ni mo ti tọ́ ẹ ni? Ṣé o kú?"

"Mi ò kú, Màmá." Ó rọra sọ ọ́, kò gbóhùn sókè. "Àwọn tó kú ni kò lè padà wá bá yín jiyàn. Èmi ni mo máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn láàárọ̀. Ìyá á ní ó sùn dáadáa ni, kò ké. Imú ọmọ ti wọ inú nǹkan rírọ̀, kò lágbára láti yí orí padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí."

"A'ùsù billahi! Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Gbọ́ ohun tí mò ń wí!"

"Dabi, Màmá. Dabi." Bí inú bá ti ń bí i, Twi ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu, dabi ló sì fi ń sọ pé rárá láti kékeré. Mo mọ̀ pé tí dabi bá ti pé méjì, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Orí kunkun yẹn, wallahi, ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀. Mo gbé ìrọ̀rí mi, mo jáde, ẹni tó kí mi lójú ọ̀nà, n kò dá a lóhùn.

Kí ẹ má fi mí pe ìyá burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé ni ìrọ̀rí. Owó rẹ̀ ni mo fi rán Fareedah nílé ìwé nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ilé ìwé yẹn ló wá kọ́ ọ pé kó lé ìrọ̀rí mi síta. Ta ni kò ní dun?

Ìyá Lukman, Àìṣátù, ló wá bá mi nílé. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n gbé ara rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Zàhràù tó wà ní London fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́. Pẹrẹsẹ kan ni, a máa ń ki í sábẹ́ fóòmù ọmọ, okùn kan á so ó mọ́ àpótí kékeré tó níná. Bí ọmọ bá ń mí, ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n lára nípa bí fóòmù ṣe ń mì, iná á máa ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé. Bí kò bá mọ ìmí kankan lára, iná á pọ́n, ẹ̀rọ á sì han bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

"Ìyá Fareedah, ọ̀rọ̀ ti parí," Àìṣátù ní. "Ẹ̀rọ òyìnbó ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹ gbé ìrọ̀rí yín wá, kò séwu."

A jọ lọ bá Fareedah. Ó wo ẹ̀rọ náà tinú tòde. Ó ní, "Màmá Lukman, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Zàhràù. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ká wá gbé ìrọ̀rí síbẹ̀. Bí ẹ bá gba ọlọ́dẹ sẹ́nu ọ̀nà, ṣé ẹ ó wá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ sùn ni?"

Àìṣátù rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí ìyàwó òun. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ló lè bú ọmọ rẹ̀, tí ẹlòmíràn bá bú u, ó ń wá ìjà. Lukman ló pẹ̀tù sí i. Ó ní kí n gbé ọmọ jáde lórí ìrọ̀rí bí àṣà ti wí, ọwọ́ mi ṣáà wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Bó bá wá di àtiwọlé, kí ìrọ̀rí dúró síta. Fareedah gbà. Èmi náà gbà, mo di ẹnu. Nínú ọkàn mi, mo ní bí àwọn èèyàn bá ti rí orúkọ náà, ìyókù kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti pa àgbò láti àárọ̀, àgbàlá kún fọ́fọ́, orí ẹní ni gbogbo wọn jókòó sí. Àwọn oníbàárà mi pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ọmọ dání. Níkàníkà Kwabena ń kùn lọ bó ṣe máa ń kùn, nítorí àwọn oníkẹ́ńkẹ́ tí ń fi àgbàdo se oúnjẹ tà ti tò síbẹ̀. Mo ti lọ bá a sọ̀rọ̀. Asante ni, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà hù. Ó ní, "Hajia, bí Álífà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, màá pa á. Nítorí tìrẹ ni o."

Fareedah ní òun ń lọ wẹ̀ kí òun lè múra. Ó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi, ọmọ náà sùn fọnfọn lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àárín bẹ́ẹ̀dì òfìfo yẹn. Ìrọ̀rí mi wà lórí àga, aṣọ funfun bò ó. Iná ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé. Wọ́n wá pè mí pé Àlùfáà Bákàrè ti dé. Èmi ni mo pè é, kò yẹ kí n má jáde kí i. Àìṣátù wọlé lásìkò yẹn, ó ní kí n máa lọ, òun wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, ọmọ náà wà lórí ìrọ̀rí mi ní àárín bẹ́ẹ̀dì.

Irọ́ ni mo ń pa bí mo bá ní inú mi kò dùn. Àìṣátù ti ká aṣọ funfun kúrò, ó di fóònù mú, ó fẹ́ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Zàhràù. Orúkọ náà ń dán lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ohun tí mo ti ń fojú sọ́nà fún nìyẹn, gan-an bí mo ṣe ń rí i lọ́kàn. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa.

Mo wá rí i dáadáa. Ìrọ̀rí náà ga, ọrùn ọmọ kò sì ní agbára. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ àyà, imú rẹ̀ sì ti rì sínú òwú àràbà tí mo fi ọwọ́ ara mi kì. Èmi tí mò ń pariwo lójoojúmọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà! Orí ọmọ tuntun wọ́ lójú mi, orí ìrọ̀rí mi ló ti wọ́. Mo gbọ́ ohùn Fareedah létí mi: kò ké, ó sùn dáadáa ni.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé e. Mo fi í lé àyà mi, mo fọwọ́ gbé orí rẹ̀ tọ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé orúkọ Allah nìkan ló kù lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ó sín. Ó sín, ó fa ìmí gígùn, ó figbe bọnu, igbe tó dùn mọ́ mi létí ju orin lọ.

"Kí lẹ ń jí ọmọ fún?" Àìṣátù fi ìbínú sọ ọ́. "Nǹkan kan kò ṣe é! Ẹ wo ẹ̀rọ! Iná ò pọ́n, ó ní ọmọ ń mí dáadáa."

Mo wo ẹ̀rọ. Lóòótọ́, iná náà ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀dì sì ṣófo. Ìrọ̀rí nìkan ló wà lórí rẹ̀.

"Ìyá Lukman," mo ní, "ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Ta ló wá ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọmọ, ó tún wo iná. Omi inú ife ń jó lórí tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, Àlùfáà Bákàrè ti wúkọ́ lágbàlá pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Kwabena sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Níkàníkà dákẹ́. Omi inú ife dúró jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ rárá tí iná fi pọ́n, ẹ̀rọ òyìnbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í han lórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo.

Subhanallah! Gbogbo àgbàlá dìde. Fareedah ló kọ́kọ́ já wọlé, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀, ìró kan ṣoṣo ló ró mọ́ àyà. N kò ní gbàgbé ojú rẹ̀. Lukman wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Fareedah rí ọmọ láyà mi, tó ń ké, tó ń ta ẹsẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú.

Lẹ́yìn náà ló rí ìrọ̀rí. Kò pariwo. Ó béèrè pé, "Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ìrọ̀rí mi ni," mo dáhùn.

Àìṣátù lè dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ́ síwájú. Ó ní, "Rárá, èmi ni, ìyàwó mi. Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo ní ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ. Níkàníkà Kwabena ni ẹ̀rọ ń ṣọ́." Ó fi gèlè nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí.

Fareedah gba ọmọ rẹ̀, ó fún un lọ́mú, ara ọmọ rọlẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí lé mi lọ́wọ́, ó sì gbé ọmọ lé e, nítorí a ti jọ ṣàdéhùn. Ọmọ mi kì í yẹ àdéhùn.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Gbogbo àwọn obìnrin tí mo ti ta ìrọ̀rí fún ń wò mí, wọ́n ń retí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú ọjọ́ yìí ń dé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e jáde, tí orúkọ náà dán bó ṣe ń dán, àwọn tó rí i á délé, wọ́n á tẹ́ ọmọ tiwọn sórí tiwọn. Fareedah lè máa pariwo ní Bantama títí, ìrọ̀rí mi nìkan ni wọ́n máa rántí.

Mo gbé ìrọ̀rí fún Lukman kó bá mi dì í mú. Mo gbé ọmọ jáde lórí apá mi lásán.

Àgbàlá ń kùn. Àlùfáà Bákàrè wò mí. "Hajia Moríyọ̀, ìrọ̀rí orúkọ dà?"

"Àlùfáà, ẹ pe orúkọ ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Orí apá mi ló wà."

Ó ṣàdúrà, ó pe é: Tàsnímù. A ṣe àmín. Nígbà náà ni mo gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ Lukman, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Wọ́n hó yèè. Mo dá wọn dúró.

"Ẹ gbọ́! Èmi ni mo rán an. Kò sí irú rẹ̀ ní Kumasi, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kò ní sùn lé e. Ẹni tó bá ra tèmi, kó délé, kó yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orí ọmọ. Kó fẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì títẹ́jú tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìrọ̀rí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ kò sì mọ̀."

Oníbàárà mi kan ké pé, "Hajia! Ṣé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ba ọjà yín jẹ́ ni?"

"Ọjà mi ni mo bà jẹ́," mo ní, "ọmọ tìrẹ ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Èmi kọ́ ni mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi nìyí, èmi ni mo bí i. Nọ́ọ̀sì Fareedah, bọ́ síta, kí wọ́n gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ!"

N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà wá sáàárín àgbàlá, Lukman àti Kwabena tí ìyẹ̀fun bo ìpéǹpéjú rẹ̀ ló gbé e. Ó sọ fún wọn ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Hausa, ó tún un sọ ní Twi fún àwọn oníkẹ́ńkẹ́ tó ti yọjú lẹ́nu géètì. Ó ní a kì í mu sìgá níbi tí ọmọ ń sùn. Ó ní kí ọmọ sùn nítòsí ìyá, ṣùgbọ́n kó ní ibùsùn tirẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ lè jẹ́ ẹ̀rọ rere, síbẹ̀ òun kò tíì rí èyí tó gbapò bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Wọ́n bi í léèrè, ó ń dá wọn lóhùn. Àwọn àgbà obìnrin tó ju mí lọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ. Àyà mi kún. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ̀ wà láàyè kó rí i.

Kwabena bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìyókù ìtàn náà. "Ei, Hajia! Nítorí náà níkàníkà mi ló ń mí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Àìṣátù náà rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń ta ìrọ̀rí ní Alabar o, kí ẹ má rò pé mo ti kógbá sílé. Ìyá ọlọ́mọ ni mò ń tà á fún báyìí, kó máa gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e bó bá ń fọ́mọ lọ́mú. Fareedah ló dá a lábàá, òun náà ló sì kọ́kọ́ lò ó, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn gan-an, lẹ́yìn tí àwọn èrò ti jẹun tán. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúkọ Tàsnímù, Tàsnímù fúnra rẹ̀ sì ń mu ọmú lókè. Bí ọmọ ti yó, tó sùn, Fareedah nà án sí mi.

"Màmá, ẹ bá mi fi í lélẹ̀."

Mo gbà á. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ ní àárín bẹ́ẹ̀dì, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fọwọ́ wá gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò sí. Mo kúrò níbẹ̀, Fareedah wá wò ó. Nọ́ọ̀sì ni, gbogbo nǹkan tí mo bá ṣe ló máa ń tún ṣe. Ó wo orí, ó wo imú, ó wo fóòmù, ó wò mí.

Kò tún nǹkan kan ṣe.